Aago mẹ́ta nínú kọ̀ǹpútà kan: Ìdí tí wọ́n fi ń kó fáìlì ìṣètò tó fọ́nká jọ

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Alábàtà jáde nígboro Abẹ́òkúta, tó ń lọ sí apá ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá, yóò kan Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1988. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ń tọ́ka sí, àmọ́ bó ṣe rí ní àwọn yunifásítì lónìí, díẹ̀ ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe tí kò ní í kan kọ̀ǹpútà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń sanwó, orí rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wo èsì ìdánwò. Níbi tí ọ̀rọ̀ ayé èèyàn bá ti so mọ́ ẹ̀rọ tó bẹ́ẹ̀, àṣìṣe kékeré inú ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì, ibùsùn kan

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́bìnrin méjì tí wọ́n ń wá ibùsùn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Àpẹẹrẹ lásán ni, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ kan pàtó tó ń bá wí. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí ibùsùn gbà. Ní agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá àárọ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ní agogo mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹnì kejì ṣe tirẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tí orúkọ jáde, ẹni tó pẹ́ dé ló rí ibùsùn; ẹni tó tètè dé kò rí nǹkan kan.

Ọmọ náà mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ wo àkọsílẹ̀, ó ní lóòótọ́, agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wà níwájú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n agogo mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wà níwájú orúkọ ẹnì kejì. Kò sẹ́ni tó purọ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan náà ló ka wákàtí kan náà sí ọ̀nà méjì.

Àlàyé rẹ̀ kò le. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú àkókò àjùmọ̀lò àgbáyé tí wọ́n ń pè ní UTC. Apá tó ń gba orúkọ àwọn tó lo kọ̀ǹpútà ti mọ̀ pé Nàìjíríà ni òun wà. Apá tó ń gba orúkọ àwọn tó lo fóònù kò mọ̀, nítorí náà UTC ló ń kọ. Agogo mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá wá di agogo mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó ṣètò ẹ̀rọ náà rántí láti sọ ìlú tí wọ́n wà fún apá kan, ó gbàgbé èkejì. Ohun tó sì jẹ́ kó rọrùn fún un láti gbàgbé ni pé ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ju ẹyọ kan lọ.

Ọmọ iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́, tí kò mọ ilé

Sọ́fítíwíà dà bí ọmọ iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ dáadáa ṣùgbọ́n tí kò mọ ilé tí wọ́n gbé e wá. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé, kò mọ yàrá tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ka aago, kò mọ ìlú tí òun ti ń kà á. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn, kò mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹni tó ni ilé ló gbọ́dọ̀ sọ fún un. Ibi tí wọ́n ń kọ irú ọ̀rọ̀ báyìí sí fún un ni wọ́n ń pè ní fáìlì ìṣètò. Nígbàkúùgbà tí sọ́fítíwíà bá jí, yóò kọ́kọ́ ka fáìlì náà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ká ní sọ́fítíwíà kan ṣoṣo ló wà nínú kọ̀ǹpútà, kò ní í sí wàhálà. Ṣùgbọ́n kò sí ojúlé kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí sọ́fítíwíà kan ṣoṣo ń gbé ró. Ẹ wo ọ̀rọ̀ aago tí à ń sọ yìí lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ní tirẹ̀ nínú /etc/localtime. PHP, èdè tí wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ojúlé, ní tirẹ̀ nínú fáìlì php.ini, lórí ìlà tí wọ́n pè ní date.timezone. MySQL, tó ń tọ́jú orúkọ àti àkọsílẹ̀, ní tirẹ̀ nínú fáìlì my.cnf. Bí wọn kò bá sọ nǹkan kan fún MySQL, yóò tẹ̀lé aago kọ̀ǹpútà. Bí wọn kò bá sọ nǹkan kan fún PHP, UTC ló sábà máa ń mú. Aago mẹ́ta nìyẹn nínú ẹ̀rọ kan. Bí wọ́n bá sì ní apá kan fún kọ̀ǹpútà àti apá mìíràn fún fóònù, wọ́n ti ń sún mọ́ márùn-ún.

Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò wọn lè mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Lọ́jọ́ tó bá rí iṣẹ́ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Èkó tó sì kó lọ, orí rẹ̀ ló gbé ìmọ̀ náà lọ. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ yóò máa tú fódà kan tẹ̀lé òmíràn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú ilé tó ṣókùnkùn.

Bí wọ́n ṣe fọ́nká

Ìtúká yìí kì í ṣe ìwà òmùgọ̀ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó kọ sọ́fítíwíà wọ̀nyí kò mọ ara wọn rí. Láti ayé Unix, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1969, ni wọ́n ti ní fódà kan tí wọ́n ń pè ní /etc, níbi tí fáìlì ìṣètò ti wá ń gbé. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ bí ẹnikẹ́ni yóò ṣe kọ ohun tó bá fẹ́ kọ. Ẹnì kan lo àmì ìbádọ́gba láàárín orúkọ àti ìtumọ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn fi àlàfo sílẹ̀, ẹlòmíràn lo àmì kóló. Ọ̀pọ̀ sì tún ń da fáìlì tirẹ̀ sílẹ̀ nínú fódà ẹni tó ń lo ẹ̀rọ, tí wọ́n fi àmì ìdánudúró bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ kí ojú má baà rí i.

Ará Abẹ́òkúta kò ní í ṣàìmọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní nǹkan bíi ọdún 1830, lábẹ́ Ṣódẹkẹ́, ìlú kọ̀ọ̀kan ló gbé orúkọ rẹ̀, Ògbóni rẹ̀ àti oyè rẹ̀ dání wá. Aké wá, Kẹ́mta wá, Ìtòkò wá, Ìkìjà wá, Òwu náà sì dé lẹ́yìn wọn. Ibì kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, ṣùgbọ́n ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ètò ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sọ́fítíwíà ṣe ń dé inú kọ̀ǹpútà.

Àpótí ńlá Windows

Ilé-iṣẹ́ Microsoft wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú láti wá nǹkan ṣe sí i. Nínú Windows àtijọ́, àwọn fáìlì tí orúkọ wọn parí sí .ini ni wọ́n ń lò. Win.ini àti system.ini jẹ́ ti Windows fúnra rẹ̀. Sọ́fítíwíà tí wọ́n bá tún gbé wọlé a máa mú tirẹ̀ wá. Ní 1992, nínú Windows 3.1, wọ́n gbé àpótí kan jáde tí wọ́n pè ní Registry, àmọ́ iṣẹ́ díẹ̀ ló ń ṣe nígbà náà. Nígbà tó di 1995 tí Windows 95 jáde, wọ́n sọ àpótí yìí di ibi tí ìṣètò kọ̀ǹpútà àti ti sọ́fítíwíà yóò máa gbé.

Àǹfààní wà níbẹ̀. Ẹni tó ń wá nǹkan mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò. Ọ̀nà ìkọ̀wé di ọ̀kan. Alákòóso lè yí ìṣètò ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà padà láti orí ẹyọ kan láìdìde níbi tó jókòó.

Ṣùgbọ́n àpótí náà kì í ṣe ìwé tí èèyàn lè ṣí pẹ̀lú ohun ìkọ̀wé lásán. Irinṣẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n fi ń wò ó. Ó ṣòro láti fa ìṣètò sọ́fítíwíà kan ṣoṣo yọ, kí wọ́n gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí wọ́n bá yọ sọ́fítíwíà kúrò, ó lè fi àjẹkù ìṣètò rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Èyí tó burú jù ni pé bí àpótí náà bá bàjẹ́, gbogbo ilé ló dá dúró: kọ̀ǹpútà lè kọ̀ láti jí. Ní ilẹ̀ tí iná mọ̀nàmọ́ná ti máa ń dédé lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan lọ́wọ́, ewu yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Microsoft mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ̀dà Windows tó tẹ̀lé e fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àfikún tí wọ́n lè fi tún àpótí náà ṣe. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ náà dúró: kíkó gbogbo nǹkan sínú ìkòkò kan yàtọ̀ sí mímú wọn wà létòlétò.

Orúkọ kan, ibi mẹ́rin

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo Linux, ìṣòro náà gba ọ̀nà mìíràn yọ. Linux kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan. Ẹgbẹ́ oríṣiríṣi ló ń kó o jọ, tí wọ́n ń fún un lórúkọ. Ẹ mú ohun tó rọrùn jù lọ, ìyẹn orúkọ tí kọ̀ǹpútà ń jẹ́. Tẹ́lẹ̀, Red Hat máa ń kọ ọ́ sí /etc/sysconfig/network. SUSE máa ń kọ ọ́ sí /etc/HOSTNAME nígbà náà, lẹ́tà ńlá ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Gentoo ń kọ ọ́ sí /etc/conf.d/hostname. Debian ń kọ ọ́ sí /etc/hostname. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ibi mẹ́rin. Nígbà náà, ẹni tó bá ń kọ sọ́fítíwíà tó fẹ́ yí orúkọ kọ̀ǹpútà padà ní láti kọ́ àṣà ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ní 2010 ni Lennart Poettering àti Kay Sievers bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní systemd, tó ń jí kọ̀ǹpútà Linux sẹ́nu iṣẹ́. Nínú iṣẹ́ náà ni wọ́n ti dábàá pé kí gbogbo ẹgbẹ́ fẹnu kò sórí ibì kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Fún orúkọ kọ̀ǹpútà, wọn kò dá ibi tuntun sílẹ̀. Ti Debian ni wọ́n mú. Fún èdè tí kọ̀ǹpútà ń sọ, wọ́n dábàá /etc/locale.conf. Nígbà tó di 2012, wọ́n gbé /etc/os-release jáde, níbi tí Linux kọ̀ọ̀kan yóò ti máa sọ orúkọ àti ẹ̀dà ara rẹ̀. Lónìí, Linux tí kò ní fáìlì tó gbẹ̀yìn yìí kò wọ́pọ̀.

Kò sì lọ láìsí ìjà. Ọ̀pọ̀ ló fara mọ́ fáìlì náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní systemd ti ń gba iṣẹ́ tó pọ̀ jù mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ní oṣù kejì, ọdún 2014, ìgbìmọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ Debian dìbò pé systemd ni àwọn yóò lò. Kí ọdún náà tó parí, àwọn tí kò gbà kéde pé àwọn yóò dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì pè é ní Devuan. Ẹni tó bá fẹ́ kó nǹkan jọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí àwọn tó ni nǹkan náà kò bá fọwọ́ sí i, ìkójọ ló ń bí ìpínyà.

Ohun tí Ẹ̀gbá ti rí rí

Ẹ̀gbá ti rí irú èyí ṣáájú kọ̀ǹpútà. Ní 1865, G. W. Johnson, ọ̀kan lára àwọn Sàró, ṣagbátẹrù ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ gbogbo Ẹ̀gbá pọ̀, pàápàá owó bodè. Ìgbìmọ̀ náà kò rí gbogbo olóyè kó mọ́ra, agbára rẹ̀ sì rọ láàárín ọdún díẹ̀. Ní 1898 ni Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá wá dìde, tí Aláké Gbádébọ̀ sì jókòó níwájú, tí Òṣilẹ̀, Àgùrá àti Olówu wà nínú ìgbìmọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìjọba yìí wà títí di 1914, nígbà tí àwọn Òyìnbó gba àṣẹ náà.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì yẹ ní wíwò. Èkejì kò pa oyè ẹnikẹ́ni rẹ́. Ó fún olúkúlùkù ní ìjókòó. Ohun tó kan gbogbo ìlú, bí ojú ọ̀nà àti owó bodè, wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Ohun tó kan ìlú kọ̀ọ̀kan dúró sí ìlú náà. Títí dòní olónìí ni ọba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lórí ìtẹ́ wọn. Ìṣọ̀kan tó lè ṣiṣẹ́ nìyẹn: kí gbogbo èèyàn mọ ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ borí nínú ohun kọ̀ọ̀kan.

Ta ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn?

Ìlànà kan náà ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà wá dé nígbẹ̀yìn. Dípò àpótí kan, ìpele mẹ́ta ni wọ́n ń lò. Ìpele àkọ́kọ́ ni ti ẹni tó kọ sọ́fítíwíà. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ nǹkan kan ló wà níbẹ̀, abẹ́ /usr ló sì sábà máa ń gbé. Ìpele kejì ni ti ẹni tó ń ṣàkóso kọ̀ǹpútà náà, tó ń gbé inú /etc. Ìpele kẹta ni ti ẹni tó ń lò ó. Láti 2003 ni àwọn ẹlẹ́gbẹ́ freedesktop.org ti dábàá pé kí gbogbo ìṣètò ẹni tó ń lo ẹ̀rọ máa gbé inú fódà kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní .config, kó yé fọ́n káàkiri ilé.

Ohun tó mú ìpele mẹ́ta yìí yàtọ̀ sí ìtúká àtijọ́ ni pé wọ́n ti sọ èyí tó borí. Ọ̀rọ̀ alákòóso borí ti ẹni tó kọ sọ́fítíwíà. Nínú ohun tó kan ẹni tó ń lò ó nìkan, bí àwọ̀ ojú ẹ̀rọ tàbí ìtóbi lẹ́tà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ borí ti alákòóso. Nínú ohun tó kan gbogbo ilé, bí ààbò tàbí aago, alákòóso kò ní í jẹ́ kó dé ọwọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọba kì í pé méjì láàfin, ìjòyè ló lè pé mẹ́fà. Fáìlì lè pọ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí nǹkan kan kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Àwọn tó ń fi èdè Python kọ sọ́fítíwíà náà ti gba irú ọ̀nà yìí. Tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ kékeré kan lè ní setup.py, setup.cfg, tox.ini àti àwọn fáìlì mìíràn tó jẹ́ ti irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní 2016 ni wọ́n fọwọ́ sí àbá pé kí fáìlì kan wà tí yóò máa jẹ́ pyproject.toml. Nínú rẹ̀, irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìpín tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ tọwọ́ bọ ìpín ẹlòmíràn. Agbo ilé kan ni, tí yàrá rẹ̀ ní ilẹ̀kùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Nígbà tí Ṣọlá di àmì ìbéèrè

Ọ̀rọ̀ yìí tún kan ọmọ Yorùbá ní ọ̀nà mìíràn tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Bí ọmọ tó ń jẹ́ Ṣọlá bá kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe tọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ó lè jáde lórí ìwé ẹ̀rí bí ??lá. Àwọn kan a ní kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá. Irọ́ ni. Láti 1992 ni ọ̀nà ìkọ̀wé tí wọ́n ń pè ní UTF-8 ti wà, ọ̀nà tó lè gbé lẹ́tà èdè gbogbo, títí kan ẹ, ọ àti ṣ.

Ìṣètò ló fà á. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ nǹkan kan fún MySQL, ọ̀nà ìkọ̀wé latin1 ló ń lò, èyí tí wọ́n ṣe fún èdè àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Á wà nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn ará Faransé àti Sípéènì náà ń lo irú àmì bẹ́ẹ̀, àmọ́ Ṣ àti ọ kò sí níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi di àmì ìbéèrè. Inú ẹ̀dà 8.0, tó jáde ní 2018, ni wọ́n ti yí i padà sí utf8mb4. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ṣáájú kò dédé yí padà. Bákan náà, ibi mẹ́ta ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ sọ ọ̀nà ìkọ̀wé yìí: níbi ìtọ́jú àkọsílẹ̀, lórí okùn tó so ojúlé mọ́ àkọsílẹ̀, àti lórí ojúlé tí èèyàn ń wò. Bí méjì bá tọ̀nà tí ẹ̀kẹta kò tọ̀nà, orúkọ yóò bàjẹ́. Àmì ìbéèrè tó bá sì ti wọ inú àkọsílẹ̀ kò ní í padà di Ṣọlá mọ́, àfi kí wọ́n tún un kọ.

Bí wọ́n ṣe lè kó wọn jọ láì ba nǹkan jẹ́

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí yóò ṣe ni kó kọ gbogbo fáìlì ìṣètò tó wà sílẹ̀, kó kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ síwájú rẹ̀. Níbẹ̀ ni yóò ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Kò gbọdọ̀ gbà pé fáìlì tí òun kọ́kọ́ rí ni sọ́fítíwíà ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. PHP, fún àpẹẹrẹ, lè ní php.ini kan fún ojúlé àti òmíràn fún iṣẹ́ tí wọ́n ń pa láṣẹ lójú kọ̀ǹpútà. Kó bi sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀ léèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àṣẹ tí yóò mú kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti ń kàwé.

Lẹ́yìn náà, kó yan ibì kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn yòókù máa kà á níbẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ ibùsùn tó ṣáájú, ìlà kan ṣoṣo tó sọ pé Africa/Lagos, tí apá kọ̀ǹpútà àti apá fóònù jọ ń kà, ì bá ti pa ẹjọ́ náà rẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà iṣẹ́ tilẹ̀ fẹ́ràn kí àkọsílẹ̀ gbogbo wà ní UTC, kí wọ́n wá yí i sí aago Nàìjíríà lójú ẹni tó ń wò ó. Èyíkéyìí tí wọ́n bá mú nínú méjèèjì dára, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ ọ̀kan.

Ọ̀nà ìkọ̀wé tí wọ́n bá yàn náà ṣe pàtàkì. YAML, tó jáde ní 2001, rọrùn lójú, ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan. Nínú ẹ̀dà rẹ̀ àtijọ́, bí wọ́n bá kọ NO gẹ́gẹ́ bí àmì orílẹ̀-èdè Norway láìfi àmì àyọlò sí i, yóò kà á sí “bẹ́ẹ̀ kọ́”. Bí wọ́n bá kọ 0123, yóò kà á sí 83, nítorí pé ó gbà pé ìṣirò onímẹ́jọ ni. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo lè bá irú èyí lọ. Àmì àyọlò ni oògùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kò gbọdọ̀ bá àwọn yòókù gbé. Fáìlì ìṣètò tí wọ́n kó jọ dáadáa ni ọ̀pọ̀ èèyàn yóò máa kà, èyí sì dára. Kọ́kọ́rọ́ ilé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ sí ojúde. Kí wọ́n fi í sí ibi tí ẹni tó ni iṣẹ́ nìkan lè dé. Àwọn tó ń lo Git, irinṣẹ́ tí Linus Torvalds ṣe ní 2005 láti máa tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́, gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tó bá wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n tilẹ̀ pa á rẹ́ lọ́la, ẹ̀dà àná ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò. Ohun tó kù ni kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Yàtọ̀ sí ti ìgbaniwọlé, Git ni ọ̀rẹ́ ẹni tó ń kó ìṣètò jọ. Yóò sọ ẹni tó yí ìlà kan padà, ọjọ́ tó yí i, àti ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹni náà bá sì kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà, ẹni tí yóò wá lẹ́yìn kò ní í máa méfò. Kí wọ́n má ṣe yí ohun mẹ́wàá padà lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n yí ọ̀kan, kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n tó mú òmíràn. Kí wọ́n má sì ju fáìlì àtijọ́ nù títí ti tuntun yóò fi ṣiṣẹ́ dé ojú rẹ̀.

Ọjọ́ tí alákòóso bá lọ

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìkójọ náà yọrí sí rere kì í ṣe iye fáìlì tó kù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: bí ẹni tó ṣètò ẹ̀rọ yìí kò bá wá síbi iṣẹ́ lọ́la, ǹjẹ́ ẹlòmíràn lè jókòó, kó mọ ibi tí yóò wò, kó mọ ọ̀rọ̀ tó borí, kó sì tún ohun tó bàjẹ́ ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú?

Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ìbéèrè náà ti ṣe ohun tó ju títo kọ̀ǹpútà lọ. Ọmọ tó jí ní kùtùkùtù, tó fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọ̀nà, tó sì forúkọ sílẹ̀ ní agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò rí ibùsùn rẹ̀ gbà. Orúkọ rẹ̀ yóò sì jáde bí àwọn òbí rẹ̀ ṣe sọ ọ́.